Kí Ló Tú Bóòtù Náà?

Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀ mẹkáníìkì ọ̀kadà nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà dá ọlọ́kadà lóhùn bó bá ní ìdí ọ̀kadà òun ń mì, tàbí pé ṣéènì ń dún gbàgà-gbàgà. Ọmọ-iṣẹ́ á mú sípánà, á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, á sì máa fún gbogbo bóòtù tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà títí á fi kan ẹ̀yìn. Èyí tí kò bá fẹ́ gbọ́, wọ́n á ki páìpù bọ ìdí sípánà kí wọ́n lè rí agbára lò fún un. Ọlọ́kadà á sanwó táìtì, ìró á dákẹ́, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Kò sì ní pẹ́ tí ìró ọ̀hún á fi tún bẹ̀rẹ̀. Èrò tèmi ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì di àtúnṣe. Bóòtù tó tú kì í sábà jẹ́ àìsàn fúnra rẹ̀, àmì àìsàn ni. Ohun kan ló tú u: bọ́ọ̀ṣì (òrùka tí irin ń yí nínú rẹ̀) tó ti jẹ, bẹ́ríìnì tó ti kú, ṣọ́ọ̀kì tí ọ́ìlì rẹ̀ ti dà nù, tàbí ọwọ́ ẹni tó fún un ní àfúnjù nígbà tó kọjá. Bí a bá ń fún bóòtù láì wádìí ohun tó tú u, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Iṣẹ́ tó pé ní ètò: ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ń mì gan-an, ká mọ ohun tó fà á, ká pààrọ̀ ohun tó jẹ, kí ó tó wá kan fífún, ní ìwọ̀n tó yẹ.

Ká tó lè gba èyí gbọ́, ó yẹ ká mọ ohun tó ń mú bóòtù dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yíyí tí a yí nọ́ọ̀tù mọ́ ọn ló mú un. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ọ̀tù ṣe ń yí wọlé lórí tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ńṣe ló ń fa bóòtù gùn díẹ̀, ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè rí. Irin tí a fà bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀nà láti padà sí gígùn rẹ̀ àtijọ́, ìyẹn ló sì ń fún ohun tó wà láàárín orí bóòtù àti nọ́ọ̀tù pọ̀ débi tí ọ̀kan kò fi lè yọ̀ lórí èkejì. Ẹ wo ẹni tó fi okùn di igi ìdáná tútù. Ìdì náà le dáadáa lọ́jọ́ tó dì í, ṣùgbọ́n bí igi bá gbẹ tó sì súnkì, okùn á dẹ̀, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kókó okùn náà kò tú rárá. Bóòtù náà lè dẹ̀ láìjẹ́ pé nọ́ọ̀tù rẹ̀ yí padà. Bí ọ̀dà, ìpẹtà tàbí iyanrìn tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ bá lọ̀ tán, bí wáṣà bá rì wọ inú irin tó rọ̀, bí rọ́bà tí bóòtù ń fún bá fọ́, ohun tó wà láàárín ti fẹ́lẹ́ sí i, agbára tó ń fún wọn pọ̀ sì ti lọ. Ẹni tó bá wá fún nọ́ọ̀tù nìkan ti gba díẹ̀ padà nínú agbára náà, àmọ́ ohun tó ń fẹ́lẹ́ ṣì ń fẹ́lẹ́ lọ.

Ọ̀nà kejì tí bóòtù ń gbà tú ni pé kí nọ́ọ̀tù rẹ̀ yí padà lóòótọ́. Ní 1969, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì kan, Gerhard Junker, gbé ìwádìí jáde tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lo ẹ̀rọ tó ń ti ohun tí bóòtù dì mú síwá sẹ́yìn ní ìdábùú, tó sì ń wọn agbára tó kù nínú bóòtù bí mímì náà ṣe ń lọ. Ohun tó rí ni pé mímì tó dábùú bóòtù ló ń tú nọ́ọ̀tù jù, ó sì ju fífà tó ń lọ ní gígùn bóòtù lọ fíìfíì. Bí àwọn ohun tí bóòtù dì pọ̀ bá ti lè yọ̀ lórí ara wọn, bó ti wù kí ó kéré tó, tẹ́rẹ́ẹ̀dì náà á máa yọ̀, nọ́ọ̀tù á sì máa yí padà fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní àmì àìsàn ni bóòtù tó tú. Ó ń sọ fún wa pé àwọn nǹkan tí kò yẹ kó yọ̀ ti ń yọ̀ níbẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ohun tó ń mú wọn yọ̀ kò ṣòro láti rí: ẹ́ńjìnì tó ní písítìnì kan ṣoṣo ń gbọ̀n nígbà gbogbo, kòtò ń gbá táyà, ẹrù àti èrò méjì wà lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kò sì lè gba ìgbọ̀nrìrì náà mọ́ra kó tó dé ara férémù.

Ibi tí páìpù ìdí sípánà ti ń ṣe jàǹbá ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Nínú agbára tí a fi yí nọ́ọ̀tù, nǹkan bí ìdajì ló ń parun sí ìfarakanra abẹ́ orí bóòtù tàbí abẹ́ nọ́ọ̀tù, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ń parun sí ara tẹ́rẹ́ẹ̀dì, kìkì ìdá 10 tó kù ló ń fa bóòtù gùn. Bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì bá dípẹtà, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lára pé ó le, àmọ́ bóòtù kò tíì fún ohunkóhun pọ̀. Bí a bá da ọ́ìlì sí i, agbára kan náà lè fà á kọjá ààlà. Ẹ jẹ́ ká mú bóòtù tó nípọn ní mílímítà 8, èyí tí sípánà 12 sábà ń bá mu lórí ọ̀kadà, tí wọ́n kọ 8.8, àmì bí irin rẹ̀ ṣe lágbára tó, sí lórí. Nm 25 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn ló tó o. Nm 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ agbára tí ẹrù kìlógíráàmù 1 ń sà bí wọ́n bá gbé e kọ́ ìdí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Pẹ̀lú sípánà sẹ̀ǹtímítà 15, ẹni tó bá fi agbára bíi ti kìlógíráàmù 17 tẹ̀ ẹ́ ti dé ibi tó yẹ. Bí ó bá ki páìpù bọ̀ ọ́ tó fi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti di Nm 100, ìlọ́po mẹ́rin. Bóòtù náà á ti fà kọjá ibi tó ti lè padà, tàbí kó já, tàbí kí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bọ́, kó tó dé ibẹ̀. Bóòtù tó bá sì ti fà kọjá ààlà láì já ló burú jù, nítorí ó jọ ẹni pé ó le, nígbà tí kò lágbára láti fún nǹkan pọ̀ mọ́. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ tú.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni ìró ṣe rí ní ẹ̀yìn ọ̀kadà: táyà, ṣéènì, ṣọ́ọ̀kì àti apá onírin tó gbá táyà mú, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní súwíngáàmù, gbogbo wọn lè dún bákan náà. Ọwọ́ la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe etí. Ẹ fi ìdúró àárín gbé ọ̀kadà kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Kí ẹnì kan di férémù mú. Ẹ fi ọwọ́ kan mú táyà lókè, ẹ fi èkejì mú un nísàlẹ̀, ẹ tì í sọ́tùn-ún, ẹ fà á sósì. Bí ó bá mì, ẹ má tíì mú sípánà. Ẹ fi àtàǹpàkò kan ibi tí súwíngáàmù ti pàdé férémù, kí ìka yín wà lórí irin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tún mi táyà. Bí ìka bá mọ̀ ọ́n lára pé súwíngáàmù ń yà kúrò lára férémù, bọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ló ti jẹ. Bí súwíngáàmù bá dúró jẹ́ẹ́, tó jẹ́ táyà nìkan ló ń mì, bẹ́ríìnì inú họ́ọ̀bù ni. Bí táyà bá dúró, àmọ́ tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, irin eléyín ẹ̀yìn tí ṣéènì kọ́, ń lọ síwájú-sẹ́yìn nígbà tí a bá fọwọ́ yí i, ẹ yẹ àwọn rọ́bà inú họ́ọ̀bù wò. Àwọn rọ́bà yìí ló ń gba ìfà ẹ́ńjìnì sára, bí wọ́n bá sì ti jẹ, wọ́n á máa dún kó nígbàkígbà tí ọlọ́kadà bá fún un níná, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì máa dá ṣéènì lẹ́bi. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ọ̀kan tí fífún nọ́ọ̀tù ìdí táyà lè wò sàn.

Ṣéènì fúnra rẹ̀ ni a máa ń ṣì lóye jù, nítorí pé ó wà lára ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fún le pátápátá lórí ọ̀kadà. Lórí ọ̀kadà kékeré bíi Boxer, tí a bá fi ìka gbé ṣéènì ní àárín ìsàlẹ̀, ó yẹ kó lè lọ sókè sódò tó mílímítà 20 sí 35, ohun tí ìwé ọ̀kadà kọ̀ọ̀kan bá sì sọ ni ká tẹ̀ lé. Ìdí ni pé ojú kan náà kọ́ ni sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré àti ìdí súwíngáàmù wà. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tí súwíngáàmù ń gòkè, ọ̀nà láti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn á máa gùn sí i. Ibi tó ti gùn jù ni ìgbà tí àárín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, ìdí súwíngáàmù àti àárín táyà bá tò sórí ìlà kan. Ṣéènì tí kò ní ìdẹ̀ kankan nígbà tí ọ̀kadà dúró lásán yóò na gan-an nígbà tí èrò méjì bá gùn ún, yóò sì máa fa bẹ́ríìnì ẹnu ẹ́ńjìnì títí ibẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ìlì. Nítorí náà, ẹ yí táyà kí ẹ wá ibi tí ṣéènì ti le jù, níbẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ènìyàn bá jókòó sórí ọ̀kadà. Bí ẹ bá ń fa táyà sẹ́yìn, nọ́ọ̀tù ńlá ìdí táyà la kọ́kọ́ ń tú, bóòtù ìfàṣéènì ọ̀tún àti ti òsì á sì yí iye kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ṣéènì láti ẹ̀yìn bóyá ó lọ gbọọrọ, torí pé àmì ara súwíngáàmù lè purọ́ bí ọ̀kadà bá ti ṣubú rí. Táyà tó lọ sẹ́yìn ti fa búréèkì ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú, nítorí náà, ẹ tún ìyẹn náà tò.

Bí fífà sẹ́yìn bá ti ń yá jù, àmì ni pé ṣéènì ti jẹ. A máa ń sọ pé ṣéènì gùn, àmọ́ kì í ṣe pé irin rẹ̀ fà. Píìnì kékeré inú oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ, àròpọ̀ ohun tó jẹ níbi gbogbo ló sì ń di gígùn. Ṣéènì 428 tó wà lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa ní mílímítà 12.7 láti píìnì kan dé èkejì. Bí a bá na ṣéènì gbọọrọ tí a sì wọn oríkèé 20, mílímítà 254 ló yẹ kó jẹ́. Bí ó bá ti tó 259, ó ti jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 2 nínú 100, kò sì yẹ kó wà lórí ọ̀kadà mọ́. Nígbà yẹn, ohun tó jẹ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá mẹ́rin mílímítà kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti tó láti sọ eyín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì di ìwọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti di ìwọ̀, eyín ògbólógbòó yóò jẹ tuntun kíákíá. Níbi tí a ti so ṣéènì, kílíìpù kékeré kan wà tó rí bí ẹja: orí rẹ̀ tó dí ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ, kí ohunkóhun tó bá gbá a lójú ọ̀nà má lè ṣí i.

Lẹ́bàá táyà ẹ̀yìn, bóòtù kan wà tí kì í dún, tí jàǹbá rẹ̀ sì ju ti gbogbo àwọn tó ń pariwo lọ. Òun ni bóòtù irin gbọọrọ tó so ilé búréèkì mọ́ súwíngáàmù. Bí ọlọ́kadà bá tẹ búréèkì, irin yìí ni kì í jẹ́ kí ilé búréèkì yí tẹ̀ lé táyà. Bí nọ́ọ̀tù rẹ̀ bá bọ́, ilé búréèkì á yí lọ, á fa irin búréèkì já tàbí kó ká a kọ́, táyà ẹ̀yìn sì lè há lójijì lórí eré. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kadà mọ èyí, ni wọ́n ṣe máa ń fi píìnì tí a ń ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ki nọ́ọ̀tù náà. Ẹni tó bá tú u láti pààrọ̀ táyà, tó sì dá a padà láìsí píìnì, tàbí tó fi wáyà tín-ín-rín dípò rẹ̀, ti yọ ohun kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ ẹ̀mí níbẹ̀ kúrò. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìró kò lè jẹ́ olùdarí àtúnṣe. Ẹni tó bá ń lé ìró nìkan kò ní dé ibẹ̀ láé.

Ní iwájú, ọrùn ọ̀kadà ni ìbẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Ẹ gbé iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ di ẹsẹ̀ méjèèjì tó mú táyà iwájú ní ìsàlẹ̀, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ fà á síwájú. Bí ó bá dún kó, bẹ́ríìnì ọrùn ti dẹ̀ tàbí ó ti jẹ. Kí a tó fún un, ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà láti òsì lọ sí ọ̀tún ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ń há díẹ̀ ní àárín gangan, bí ẹni pé ó jókòó sínú kòtò kékeré kan, àwọn bọ́ọ̀lù irin ti gbẹ́ ojú tí wọ́n ń yí lé lórí. Kò sí fífún tó lè dí kòtò náà. Bí a bá fún un títí mímì fi parẹ́, ọwọ́ ọ̀kadà á le, ọ̀kadà á sì máa rìn bí ọ̀mùtí, nítorí pé ó ń fẹ́ jókòó sínú kòtò rẹ̀ nígbà gbogbo. Pípààrọ̀ ló kù. Ṣọ́ọ̀kì náà ní tirẹ̀: ẹ tẹ ìjókòó wálẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ó dára; bí ó bá ń fò sókè-sódò, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti lọ. Ṣọ́ọ̀kì tó kú kì í dá kú. Gbogbo ìgbọ̀nrìrì tí kò gbà mọ́ra ń lọ sára súwíngáàmù, bóòtù ẹ́ńjìnì àti férémù. Bóòtù ẹ́ńjìnì tó bá dẹ̀ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yà díẹ̀, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré á yà pẹ̀lú rẹ̀, ṣéènì á sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Báyìí ni ohun kan ṣe ń di mẹ́rin, tí ọlọ́kadà á sì máa rò pé ọ̀kadà òun kàn ti gbó.

Ẹni kan lè sọ pé bí bóòtù bá ń tú, wáṣà onísípíríìngì ni kí a fi sí i. Wáṣà náà gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n nínú irú àyẹ̀wò tí Junker gbé kalẹ̀, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, torí pé ó ti pẹlẹbẹ tán kí bóòtù tó le dé ibi tó yẹ. Nọ́ọ̀tù tó ní òrùka náílọ́ọ̀nù nínú sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a kò bá lò ó ní àlòtúnlò títí náílọ́ọ̀nù rẹ̀ fi jẹ tán. Oje tí a ń kán sójú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, tó ń gan nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́ láàárín irin méjì, dára púpọ̀. Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Hartford lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò ní 1953, orúkọ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí lónìí ni Loctite. Àmọ́ kò lè dì mọ́ tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó kún fún ọ́ìlì àti gírísì, tí a kò nù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè rọ́pò bọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí nọ́ọ̀tù má yí padà, wọn kò lè dí àyè tó ti wà láàárín irin méjì tó jẹ. Ohun tuntun tí a sì fi sí i máa ń rì díẹ̀ kó tó jókòó dáadáa. Ìdí nìyí tí ọ̀kadà tuntun fi ń padà fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ láàárín kìlómítà 500 sí 1,000, bákan náà ló sì yẹ kí a tún padà wo ohunkóhun tí a bá pààrọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan á ní ọ̀nà wa ló burú, kò sí ohun tí a lè ṣe tí bóòtù ò ní tú. Òótọ́ ni pé ọ̀nà tó kún fún kòtò ń mú kí nǹkan yára jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà burúkú gan-an ló sọ ọ̀rọ̀ mi di dandan. Lórí ọ̀nà tó dán, bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ lè lọ jìnnà kó tó kó bá aládùúgbò rẹ̀. Lórí ọ̀nà tiwa, kòtò kọ̀ọ̀kan ló ń fi òòlù kàn án. Àwọn mìíràn á ní owó kò sí, ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ rí owó ọkọ̀ ọjọ́ náà san fún oníǹkan. Àwíjàre yìí wúwo, n kò sì fojú di í. Síbẹ̀, ẹ wo bí ìnáwó ṣe ń tò. Bọ́ọ̀ṣì súwíngáàmù wà lára ohun tó rọjú jù lórí ọ̀kadà. Bí a bá fi í sílẹ̀, táyà á máa yà, ṣéènì àti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á jẹ ṣáájú àkókò, bóòtù ìdí súwíngáàmù á gbẹ́ ihò rẹ̀ tóbi, ó sì di ọ̀rọ̀ férémù. Kì í ṣe pé ẹni tó sanwó táìtì kò náwó. Ó ń san án díẹ̀díẹ̀, léraléra, fún ohun tí kò rà.

Àwọn mẹkáníìkì àgbà náà ní ọ̀rọ̀ sọ: ọwọ́ àwọn ti mọ bóòtù, wọn kò nílò sípánà tó ń wọn agbára. Mo gbà pé ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ìmọ̀. Sípánà náà kò tilẹ̀ pé: nítorí ìfarakanra tẹ́rẹ́ẹ̀dì, agbára tó ń dé inú bóòtù lè yàtọ̀ tó ìdá 25 sí 30 nínú 100 bí iye tí a kà lórí rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí òdiwọ̀n ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣìṣe ńlá, irú ti páìpù tó ń sọ Nm 25 di Nm 100. Ìsọ̀ tí kò bá sì lágbára láti rà á ní ohun tó dín owó lò. Ẹ nu tẹ́rẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹ lo sípánà bó ṣe gùn láì fi nǹkan kún un, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì tàbí ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín kan láti orí nọ́ọ̀tù dé ara irin tó jókòó lé. Nígbà tí ọ̀kadà bá padà wá pẹ̀lú ìró, ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ti já sí méjì, nọ́ọ̀tù ló yí, ẹ wá ohun tó ń mì í. Bí ìlà bá ṣì gbọọrọ tí nǹkan sì ń mì, nọ́ọ̀tù kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ohun tó wà láàárín ló ti jẹ, fífún un sí i kò ní ṣe ohunkóhun ju kó já bóòtù lọ. Ìlà kan péré ti ya ẹ̀tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára làpálàpá.

Àbá tó kù ni ti wẹ́dà: bí kò bá yéé tú, ká jó o pọ̀. Jíjó ní àyè tirẹ̀. Férémù tó sán ṣeé jó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yọ bọ́ọ̀ṣì àti bẹ́ríìnì kúrò, tó sì tú wáyà bátìrì. Ṣùgbọ́n bóòtù 8.8 gba agbára rẹ̀ láti inú ooru tí wọ́n fi sè é àti bí wọ́n ṣe rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Iná wẹ́dà ń da ètò yẹn rú, irin náà á rọ̀ níbì kan, á sì máa tètè kán níbòmíràn. Èyí tó burú jù ni pé ohun tí a jó pọ̀ kò ṣeé tú fún àyẹ̀wò mọ́. Bákan náà ni ètò wíwá ibi tó ń mì rí lára kẹ̀kẹ́ Márúwá, tó jẹ́ ọ̀pá ìyí ni ó ń lò dípò ṣéènì, àti lára alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn àgbẹ̀ ń gùn lóko ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, wọ́n á gbé iwájú sókè, wọ́n á mi táyà lókè àti nísàlẹ̀ láti yẹ bẹ́ríìnì àti oríkèé apá rẹ̀ wò, wọ́n á tún mì í sọ́tùn-ún sósì láti yẹ oríkèé irin ìdarí wò. Ohun èlò yàtọ̀, ètò kò yàtọ̀: ibi tó ń mì la ń wá kí sípánà tó jáde.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá rọrùn tó báyìí, kí ló dé tí a kì í ṣe é? Mo rò pé ọ̀nà tí a ń gbà sanwó ló fà á. Ọlọ́kadà ń sanwó ohun tí wọ́n rà àti ohun tí wọ́n fún, kì í san kọ́bọ̀ fún wíwò. Mẹkáníìkì tó bá fi àkókò gbé ọ̀kadà sókè, tó mi táyà, tó wọn ṣéènì, tó sì sọ pé bọ́ọ̀ṣì kan péré ló jẹ, á gba owó tó kéré sí ti ẹni tó fún bóòtù ogún láì wo ìkankan. Ọmọ-iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń rí èyí, ohun tó ń mú owó wọlé ni yóò sì kọ́. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kí ọ̀kadà òun pẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó: kí ó ní òun fẹ́ san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, kí wọ́n fi ibi tó ń mì han òun kí òun fọwọ́ ara òun kàn án, kí wọ́n sì kó èyí tó jẹ tí wọ́n yọ lé òun lọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó bá mọ̀ pé a ó sanwó ojú rẹ̀ kò ní kánjú mú sípánà.